Ọwọ́ Òsì Jethro

Jethro Akínwùmí, káfíńtà ní ìlú Oǹdó, kì í fi òsì mú òòlù lójú èèyàn, bẹ́ẹ̀ òsì ni ọwọ́ rẹ̀. Kátíkíìsì ni bàbá rẹ̀, pàṣán ló sì fi kọ́ ọ láti máa lo ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn akànṣẹ́ fún Òlíńpíìkì, òun àti Bọ́láwálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló kù tí wọ́n jọ máa du àyè kan ṣoṣo l'Ákùúrẹ́. Lẹ́yìn ilé, òsì ni Jethro fi máa ń na Bọ́láwálé. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó níwájú lọ́jọ́ náà. Ọ̀tún ló fi jà, ó sì fìdí rẹmi. Bọ́láwálé lọ, ó gba wúrà, ó di ẹni tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun lókè òkun.

Ìlú wá le. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àga tuntun mọ́, àfi kí wọ́n gbé èyí tó ń mì wá. Jethro a sì máa bá àwòrán Bọ́láwálé lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ìṣó fún un.

"Àyè mi nìyẹn," ni yóò wí fún Moríyọ̀, ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́láwálé fúnra rẹ̀ dé.

"Káfíńtà! O ò tíì sanra síbẹ̀?"

"Ìwọ ti bá gbogbo wa sanra."

"Ẹni tí mo fẹ́ bá du bẹ́líìtì, òsì ló ń lò. Wá máa nà mí bíi ti àtijọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbáradì nínú ọgbà kan ní Ijapo, l'Ákùúrẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni Jethro ti rí i: bí Bọ́láwálé bá fẹ́ sún síwájú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a kúrò níbi àgbọ̀n. Ibẹ̀ ni òsì Jethro ń bọ́ sí lójoojúmọ́.

"Kí ni mò ń ṣe tó fi ń bà mí?"

"Ọwọ́ mi ló yá."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó tún béèrè. Jethro rántí wúrà náà.

"Kò sí nǹkan kan. O ti ṣetán."

Rédíò ló gbé ìjà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ìpele kẹrin, òsì bá Bọ́láwálé ní àgbọ̀n, kò sì dìde mọ́. Àwọn aládùúgbò káwọ́ lérí. Jethro rẹ́rìn-ín, Moríyọ̀ sì rí i. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó ní:

"Bàbá Àánú, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa bá a?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ bá a níbẹ̀."

"Ta lẹ wá máa sọ ọ́ fún?"

Jethro fi òsì mú òòlù, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìyá náà tó kí i tán, òòlù ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.