Ẹṣin Funfun Tí A Fi Dán Oúnjẹ Wò

Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Mushin ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Ìgbà tí náírà já wálẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń sin adìyẹ ń pa ilé adìyẹ wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti wà nídìí òwò yìí kí wọ́n tó bí mi, máa ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máa wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò ní wá mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pe èmi àti Àǹtí sí yàrá kékeré tó wà lókè ẹ̀rọ. Àǹtí yìí ni dókítà ẹranko wa, obìnrin Ìjẹ̀ṣà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó mú mi bí àbúrò.

“Oúnjẹ ẹṣin la máa ṣe,” ni ọ̀gá wí. “Àwọn olówó tó ń gun ẹṣin ní Ìkòyí ò rí ti òkè òkun rà mọ́. Ẹ jókòó, ẹ bá mi rò ó.”

A rò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ̀ nísàlẹ̀, tábìlì á máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wa. A ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ lókè Ọya, ká mọ èyí tí a lè rí nínú rẹ̀ ní Èkó, ká sì mọ ohun tí a ó fi dípò ìyókù. Èmi ni mo lọ sí Òtò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń já ọkà bàbà kúrò nínú rélùwéè. Àǹtí ní ká má jẹ́ kí àgbàdo pọ̀ jù, kí inú má baà máa run ẹṣin. Èérí ọkà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ ni kó pọ̀ jù níbẹ̀, ká wá fi iyọ̀ àti mọ́lásì sí i, oje ìrèké dúdú yẹn tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Ẹṣin kan ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan kí a tó ta àpò kankan.

Orí ẹ̀rọ tí a fi ń po oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn.

“Oògùn tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ kí wọ́n má baà yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀,” Àǹtí ní, “díẹ̀ nínú ẹ̀ tó láti pa ẹṣin. Ọkàn rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ tiẹ̀ lọ́tọ̀.”

Èmi náà gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀gá fi ọwọ́ nu ojú.

“Dókítà, níbo lẹ fẹ́ kí n ti rí ẹ̀rọ tuntun lákòókò yìí? Ẹ jẹ́ ká máa fọ èyí tó wà dáadáa. Bí ọjà yẹn bá tà, màá rà á.”

Bí a ṣe fi sí nìyẹn.

Ẹṣin funfun kan tó ti darúgbó ni ọ̀gá rí rà, a sì so ó sórí ilẹ̀ kan tó ṣófo ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó bá olùtọ́jú rẹ̀ wá, bàbá kan láti Kàtsínà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Látìgbà tí ẹṣin náà ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó dé, a lè fojú ka egungun ìhà rẹ̀. Kò pẹ́ tí oúnjẹ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. Irun rẹ̀ ń dán, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń wá wò ó lẹ́yìn ilé kéú. Mo rántí pé mo rí ẹ̀rín Àǹtí lásìkò yẹn.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá wá sí Mushin fúnra wọn.

“Kò jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí. “Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú.”

Àpò tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ. Àǹtí ò sí nílé, wọ́n ti lọ sí Iléṣà lọ sin ìyá wọn. Ọ̀gá rò pé mọ́lásì ló kéré, wọ́n bu díẹ̀ fún Bàbá pé kí wọ́n dà á lé e lórí. Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Àǹtí ti Iléṣà dé, tí èmi pẹ̀lú wọn sì lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin náà ń gbọ̀n, òógùn sì bò ó bí ẹni tí òjò pa. Àǹtí gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn sí i láyà, wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ létí.

“Dókítà, kí ni kí n ṣe?” Bàbá béèrè.

“Ẹ jókòó tì í, Bàbá. Kò sí oògùn rẹ̀.”

Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì. Àwọn kan ti wá ń béèrè ẹran. Àǹtí ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ká sin ín. Bàbá wo gbogbo wa lójú.

“Ẹ sọ fún mi pé oúnjẹ ni,” ni wọ́n wí. Wọn ò pariwo.

Ọ̀gá wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá lórí ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí yàrá òkè, wọ́n ní, “Ẹṣin arúgbó ni, Dókítà. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn.”

“Èmi ò lè fún òmíràn jẹ,” ni Àǹtí dáhùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gba iṣẹ́ ní Saudi, a ò sì ríra mọ́.

Èmi ni mo sin Bàbá dé ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìddó. Ìjánu ẹṣin náà wà léjìká wọn. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tó pa á, mo sì sọ fún wọn nípa oògùn adìyẹ tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ tí a ò fọ̀ mọ́ tó.

“Adìyẹ ń jẹ ẹ́, kò pa á?”

“Kò pa á, Bàbá.”

Wọ́n mi orí, wọ́n wọ ọkọ̀, wọn ò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà síbi iṣẹ́, torí kò síbòmíràn tí mo lè lọ. Oúnjẹ adìyẹ la ń rọ sápò lọ́jọ́ náà.