Hòtẹ́ẹ̀lì Ọ̀kánkán Ilé Wa

Nígbà tí ọkọ mi kọ́lé sí Sábọ́ngàrí, ìdílé ló ń gbé gbogbo ojúlé àdúgbò wa. Báyìí, hòtẹ́ẹ̀lì ti gba ọwọ́ ọ̀tún, ó ti gba ọwọ́ òsì. Jẹnẹrétọ̀ wọn kì í jẹ́ kí n sùn, mọ́tò àwọn àlejò wọn a sì máa dí géètì mi. Ìbínú pàápàá ti sú mi.

Ní Kérésì tó kọjá, ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ wá láti Èkó. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti rẹ ẹ̀wà àkàrà sómi. Hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀kánkán wa ni wọ́n wọ̀ sí, wọ́n ní ọyẹ́ mú, omi gbígbóná sì wà níbẹ̀. Inú ilé tí mo ti tọ́ ọ dàgbà kò gbà á mọ́.

Láàárọ̀, wọ́n wá kí mi. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. Mo gbé àkàrà kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ará ìjọ wa kan tó ń kọjá lọ kí mi pé, “Màmá, ẹ kú àlejò o.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ mi ni. Mo wo àkàrà tó ti tutù, mo ní, “Ẹ ṣeun.”