Oúnjẹ Ọjọ́ Kọkànlá

Ogójì ọdún ni Panchapakesan fi jẹun òkú. Bí Brámínì kan, ìyẹn ọmọ ìran àlùfáà ilẹ̀ Íńdíà, bá kú lẹ́bàá odò Kaveri, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè ní ọjọ́ kọkànlá, kó jókòó sí ipò olóògbé, kó jẹun dípò rẹ̀, kí ọkàn òkú lè sinmi. Inú ìran Brámínì ni wọ́n bí i sí. Okùn funfun tó jẹ́ àmì Brámínì wà léjìká rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde bó bá jẹun tán, kò sì sẹ́ni tó ń pè é síbi ìgbéyàwó. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé "Mo ń lọ bọ̀" bí wọ́n bá ń kúrò nílé ẹni. Òun kò gbọdọ̀ sọ ọ́, kí ikú má baà bá a padà wá. "Mo lọ" ni tirẹ̀.

Nígbà tí Dharmambal ìyàwó rẹ̀ kú, ó wá ẹni tí yóò jẹun dípò rẹ̀ tì. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó lọ bá Ramasubban, àlùfáà àdúgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kẹ̀? Mo ní ọmọbìnrin tó tó ilé ọkọ. Ta ló máa fẹ́ ọmọ ẹni tó jẹun òkú?"

"Mo jẹ ti bàbá yín. Mo jẹ ti ìyá yín."

"Iṣẹ́ yín nìyẹn." Ramasubban wolẹ̀. "Ẹ da oúnjẹ náà sínú iná. Ìwé gbà á láyè."

"Dharmambal ti jóná lẹ́ẹ̀kan."

Ó rìn lọ sétí odò. Mari tó ń sun òkú ló bá níbẹ̀, ẹni tí irú rẹ̀ kì í wọ àdúgbò Brámínì. Ó ròyìn fún un.

"Sámi, ọ̀gá mi, kí lẹ sè?"

"Ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín."

"Èmi ni mo sun ìyàwó yín. Bí ẹ bá ní kí n jẹ ẹ́, màá jẹ ẹ́. Àbí ikùn ló ń wọ okùn?"

Gbogbo ìwé tí Panchapakesan kọ́ ló lòdì sí i. Síbẹ̀, ó ní kí Mari tẹ̀ lé òun. Nílé, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bu omi láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mari fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Sámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Ti Dharmambal ni."

Mari jẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lófin.

"Sámi, mo ń lọ bọ̀."

Panchapakesan lanu láti sọ fún un pé "Mo lọ" ló yẹ kó sọ. Ó wo ewé tó ṣófo nílẹ̀.

"Máa bọ̀," ni ó wí.