Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Mi Lára Ògiri

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Ọdún tí Gánà gba òmìnira, mo ti lè ru garawa omi kan délé láìdà á nù. Fìyẹn ṣírò ọjọ́ orí mi. Ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù la ń gbé. Ìyá mi ń pàtẹ abẹ́rẹ́, òwú àti ṣúgà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ tó ń gún òkúta.

Irin gbọọrọ gbọọrọ ni ẹ̀rọ náà, wọ́n tò bí ọmọ odó, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń já lulẹ̀, tọ̀sán tòru. Wọ́n á gún òkúta kúnná, omi á gbá a lọ, góòlù tó wúwo á rì sísàlẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní láyé ọjọ́un, obìnrin ló ń lọ òkúta yẹn lórí ọlọ, bí ẹní ń lọ ata. Òyìnbó wá gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ igi ìdáná dé, ó jẹ gbogbo igbó tó yí ìlú ká. Oníná mànàmáná ló dé kẹ́yìn.

Ariwo rẹ̀ ló sọ bàbá mi di adití. Igbe ló fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa á máa fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó, ọkọ ẹ bá ẹ sọ̀rọ̀ àṣírí lánàá, gbogbo wa la ṣe àmín sí i." Kí bàbá mi tó lọ síbi iṣẹ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Tógiri bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, á mi orí, á dé fìlà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òkúta ò mú góòlù wá mọ́. Àwọn tó ni iṣẹ́ ló nilé tí a ń gbé. Bíṣẹ́ bá tán, ilé tán. Ọmọ ọwọ́ kan jí nílé kejì, ó ń ké, kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí. Bàbá mi ṣì ń sùn.

"Màámi, ta ni yóò sọ fún wọn?"

Ìyá mi ń to ṣúgà sórí àtẹ, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí wọ́n sùn."

Nígbà tó jí, ó kírun, ó fọwọ́ kan ògiri. Ó sún ọwọ́ síbòmíràn. Ó lọ síbi ògiri kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e. A ò lè sọ ọ́ fún un láìkígbe, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kígbe irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yíjú sí wa.

"Ṣé ó ti kú ni?"

Ó rò pé òun rọra sọ ọ́ ni. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Mi ò sunkún. Ara mi kàn dà bí ara ẹlòmíràn. Bàbá mi fi fìlà kọ́ ìṣó padà, a palẹ̀ ẹrù mọ́, a wá bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣẹ́ owó ní bodè, ní Kodjoviakopé níbí ní Lomé.

Ẹnìkan tó dé ìlú góòlù yẹn láìpẹ́ ní koríko ti bo àwọn irin yẹn. Lóde òní, alùpùpù àwọn sémìjàn tó ń gbé èrò àti jẹnẹrétọ̀ ń mi ògiri Lomé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án wò. Bàbá mi ń kàn án láràárọ̀ títí ó fi kú. Nígbà tí màmá rẹ àtàwọn àbúrò rẹ̀ wà ní kékeré, wọ́n bi mí pé kí ni Bàbá Àgbà ń wá lára ògiri.

Mo ní kí wọ́n má dí Bàbá Àgbà lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó bóyá iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.