Ohun Tí Verna Sọ Lọ́jọ́ Ìdánwò

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Verna Stidham ni olùkọ́ tó dáa jù lọ tí ilé ìwé wa ní Harlow Fork, ìlú wa lórí òkè, ní rí. Kíláàsì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Bàbá rẹ̀ wa èédú títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Verna ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ìdílé wọn, owó tó sì yá fi kàwé, ó ń san án láti ìgbà ọmọge títí ewú fi gba orí rẹ̀.

"Ọmọ tí mo bí ni gbèsè yìí," ló máa ń wí. "Mò ń bọ́ ọ, kò kúrò nílé."

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kíláàsì kẹta tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé kíkà kò ní lọ sí ìkẹrin, bó ti wù kó gbọ́n tó. Kíláàsì kẹta yìí ni Verna ń kọ́. Bí ìdánwò bá ti ń bọ̀, àwa olùkọ́ a fi bébà bo gbogbo ohun tó wà lára ògiri, kí ọmọ má bàa rí ohun tó lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ìjọba bá kọ fún wa nìkan la gbọdọ̀ kà sí wọn létí. Verna a máa lẹ bébà, a máa bú ìjọba.

"O ti sọ kíláàsì mi di yàrá òkú," ló wí fún Halcomb, ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹni tí Verna fúnra rẹ̀ kọ́ ní kékeré.

"Míìsì Stidham, tí kò bá sí ìdánwò, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ń kọ́ ọmọ àti ẹni tó kàn ń gbowó oṣù?"

"Bi mí! Kí o tó mu kọfí yẹn tán, màá ti sọ ọmọ tó mọ̀wé kà fún ẹ."

"Ìjọba ò ní bi yín, mà."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, olórí kunkun!"

Lọ́dún náà, Tansy Combs, ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tọ́, wà ní kíláàsì Verna. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò lè ka gbólóhùn kan já. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni Verna fi ń kọ́ ọ, títí ahọ́n rẹ̀ fi là. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ìtàn àwọn ọmọ olówó tó ń gbafẹ́ lójú òkun síwájú rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ orí òkè, níbo ló ti fẹ́ rí òkun? Ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí?"

Verna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé ọkọ̀ ojú omi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n fún àwọn ọmọ ní písà. Halcomb ń rìn káàkiri, ó ń bi wọ́n bó ṣe rí.

"Ó rọrùn, sà!" ni Tansy ké, tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ló le, Míìsì Stidham sì sọ ọ́ fún mi!"

Gbogbo àwa olùkọ́ gbọ́. Mo bá Halcomb dé ọ́fíìsì, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe bí adití.

"Tí n kò bá fẹjọ́ sùn, tí ẹlòmíì fi sùn, èmi náà ti lọ nìyẹn," ló wí. Ó ń sunkún. Ẹkún rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi.

Igún ṣoore, igún pá lórí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Verna. Wọ́n fagi lé ìdánwò Tansy nítorí pé wọ́n ràn án lọ́wọ́, ọmọ tó ti mọ̀wé kà sì tún kíláàsì kẹta kà. Ìyá àgbà rẹ̀ pàdé Verna ní ilé ìtajà, ó ní, "Ìwọ lo ba tọmọ mi jẹ́."

Gbèsè kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá kan létí títì márosẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń máàkì irú ìdánwò yẹn kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde yunifásítì ni wọ́n ń gbà.

Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. A jọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Mo fẹ́ gbọ́ pé kò kábàámọ̀, ni mo bá bi í pé tí ọmọ kan bá tún nawọ́ sí i nínú ìdánwò ńkọ́.

"Ojú fèrèsé ni màá máa wò," ni Verna wí, "títí á fi gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀."