Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Jù Ú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu ná. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ń pè ní áńdì, kò sí aṣọ́lé tí inú rẹ̀ dùn láti rí mi ní igun ọ̀tún pápá. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù láti igun yẹn, ṣe ni àwọ̀n máa ń há mọ́ ọn lójú. Tèmi, gbayawu ló máa ń ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ yìí gbé mi láti abẹ́ òkè Ìdáàṣà dé Kútọnu, ó sì wọ aṣọ orílẹ̀-èdè wa fún mi.

Ọwọ́ yìí kan náà ni bàbá mi fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ní Lèma. Kì í pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi àṣà ṣeré. Bí mo bá fi òsì gbé omi fún un, yóò wo igbá náà bí ẹni pé ejò ló wà nínú rẹ̀, kò ní gbà á. Bí mo bá fi òsì nawọ́ sí ọbẹ̀, pàṣán á ti dé. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ló máa ń wí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní òsì kò jìnnà sí òṣì. Mo kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún jẹun, mo kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá wọ oko, tí kò sí àyè àtirò ó, ọwọ́ òsì ni òkúta ti máa ń jáde, ewúrẹ́ náà á sì mọ̀ pé nǹkan ba òun.

Nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ eré ìdárayá ń ju bọ́ọ̀lù sí wa níkọ̀ọ̀kan. Mo hán an, mo sì jù ú padà kí n tó rántí ara mi.

"Gòṣẹ́ẹ̀!" ni ó kígbe.

Faransé ni, obìnrin ọlọ́wọ́ òsì ló túmọ̀ sí. Mo ti ń tẹ́ ọwọ́ fún ẹgba kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń rín. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayọ̀ dárúkọ ọwọ́ yẹn rí.

Nígbà tó yá, ó wá bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọnu. Bàbá mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Mùsíyẹ̀ olùkọ́, ọwọ́ tí a fi ń nùdí ni ẹ fẹ́ kó fi wá oúnjẹ?"

"Bàbá, òun gan-an ni."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ló gbà mí. Bàbá ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n má retí òun níbi eré kankan. Kò sì wá rí lóòótọ́. Bí èrò bá ti ń pàtẹ́wọ́, ojú mi á ṣáà máa wá fìlà rẹ̀ láàárín wọn. Ó dùn mí, n kò ní parọ́.

Èjìká tó fara pa ló dá mi dúró níkẹyìn. Mo padà sílé, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní pápá ẹsẹ̀ òkè. Bí mo bá rí ọlọ́wọ́ òsì nínú wọn, ẹnu mi kì í gba ẹ̀rín.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, àwọn tó wá gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo kún ìlú. Mo ń sá aṣọ níwájú ilé. Bàbá mi, tó ti darúgbó, jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní òdìkejì ọ̀nà. Àlejò obìnrin kan tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, níbo ni ilé obìnrin tó gbá áńdì fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀?"

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè, ó na ìka tààrà sí ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́.

"Ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí orúnkún, kò mú nǹkan kan dání.