Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Má Kúnlẹ̀

Oògùn ni mò ń dà sójú egbò bàbá àgbẹ̀ kan lábúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé, lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Bàbá náà rọra fọwọ́ kàn mí. "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ lẹ̀ ń da oògùn sí. Ẹsẹ̀ mi rèé." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní oòrùn ló ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ mo mọ̀ pé ojú mi ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé títí irun mi fi funfun lábẹ́ ìborùn. Nígbà tí ọ̀gá wa nílé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní kí n wá sinmi, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ di egbò fáwọn ará oko lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tí í jókòó lásán. Látìgbà tí mo ti fara mi fún Ọlọ́run, n kò gbádùn iṣẹ́ kankan tó èyí, bí ojú bá sì lọ, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣàlàyé pé jígí kékeré kan wà nínú ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Béèyàn bá dàgbà, ó lè funfun bí omi ògì. Oògùn kankan kì í fọ̀ ọ́ mọ́, abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán oje ewé sí i o. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró, ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mo sì ń bá Ọlọ́run jà nínú ikùn mi.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sídìí ojú ló dùn mí jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi aṣọ di ojú méjèèjì, wọ́n to àpò iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí mi. Dókítà ní, "Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má tẹrí ba rárá. Okùn tín-ín-rín la fi rán ojú yín."

Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn kan. "Àbẹ̀kẹ́."

Àṣàbí ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti wọ ẹ̀wù sísítà, nítorí pé n kò ní bímọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Kí n tó ronú, mo ti wà lórí eékún nílẹ̀, mo ti tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú náà ta mí bí ìgbà téèyàn fi ata sí i. Nǹkan gbóná ṣàn wálẹ̀. Dókítà tún un di, kò ṣèlérí kankan, ó ní ká máa dúró. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Nínú òkùnkùn yẹn, ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi, ó ń fún mi lẹ́kọ mu, ó ń nù mí lẹ́nu. Mo bi í lórúkọ, kò dáhùn. Mo ní bóyá odi ni. Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi tún ti bínú lọ." Abẹ̀bẹ̀ náà dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ náà, ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ó pọ̀ jù fún mi. Mo rí àwọ̀ aró lára aṣọ kan. Dókítà gbé jígí kan tó nípọn síwájú ojú mi, mo sì rí ìyá arúgbó kan lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá wa tó ti kú ni. Àṣàbí ni.

Nọ́ọ̀sì ní, "Wọn ò kúrò níbí rí, Sísítà. Wọ́n ní báwọn bá fọhùn, ẹ ó tún kúnlẹ̀."

Mo fẹ́ dìde. "Jókòó síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ni n ó kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì." Wọ́n kúnlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mi.

Mo ti padà sídìí egbò dídì báyìí, pẹ̀lú jígí lójú. Pé okùn tín-ín-rín lè di ojú èèyàn mú, ẹnu ń yà mí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pa Àṣàbí lẹ́nu mọ́ nílé wa rí, ojú mi sì ni wọ́n torí ẹ̀ dákẹ́. Mo dúpẹ́ pé àwọn ni mo kọ́kọ́ fi ojú náà rí.